Ìwádìí Tí Kò Bá Aláìsàn Délé

Ọ̀rọ̀ ìwádìí lórí iṣẹ́ abẹ ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn kì í pẹ́ kó tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ lọ. Iná ńlá, ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, ọwọ́ tí kò gbọdọ̀ gbọ̀n: ibẹ̀ ni ojú gbogbo ènìyàn ń wò, ibẹ̀ náà sì ni púpọ̀ nínú àkójọ tó ń jáde láti àwọn ilé ìwòsàn wa ní Nàìjíríà ń wò. Ẹni mélòó ló wá láàárín ọdún márùn-ún tàbí mẹ́wàá? Kí ló ṣe wọ́n? Irú iṣẹ́ abẹ wo ni wọ́n ṣe fún wọn? Mélòó ló kú sí wọ́ọ̀dù, mélòó ló lọ sílé? Ibi "lọ sílé" yìí ni ìwé sábà máa ń parí sí. Mo ti gbé ẹ̀ka mẹ́ta ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, ìyẹn kókó inú ẹṣẹ́ pítúítárì, ìmúláradá ẹni tó fi ọ̀pá ẹ̀yìn pa, àti ìkọ́ṣẹ́ àwọn dókítà, ohun tó sì dá mi lójú ni pé ibi tí ìwé yẹn ti ń parí gan-an ni ìmọ̀ tó wúlò jù fún wa ti bẹ̀rẹ̀. A mọ ẹni tó wọlé sí ilé ìwòsàn. Ohun tó dà lọ́dún kan lẹ́yìn tó jáde kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú àkọsílẹ̀ wa. Títí a óò fi mọ̀ ọ́n, a kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé abẹ tí a ń lò ń ṣeni lóore.

Ẹ jẹ́ ká fi Jenta Adamu ní ìlú Jos wọn ọ̀rọ̀ náà. Jos kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì sí Yorùbá. Láti ayé ìwakùsà tíìnì àti rélùwéè ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti ìlú mìíràn ti ń ṣòwò níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ Jenta Adamu mọ̀ pé àdúgbò olókè, olókùúta ni. Ilé fún mọ́ ilé, ọ̀nà tóóró tó ń gun òkè tó tún ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín àpáta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà délé. Ilé ìwòsàn ńlá kò sì jìnnà sí wọn bó ṣe jìnnà sí ará oko: JUTH, ìyẹn ilé ìwòsàn Yunifásítì Jos, ti ní ọgbà tirẹ̀ ní Lamingo, ilé ìwòsàn Yunifásítì Bingham sì wà nínú ìlú, èyí tí ọ̀pọ̀ ará Jos ṣì ń pè ní Jankwano. Ohun tó ń fọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn ní ìpínlẹ̀ Plateau tí Jos wà kò pamọ́: ìjàǹbá ọkọ̀ àti ọ̀kadà lójú pópó, kòtò ìwakùsà tó ń ya lu àwọn tó ń fi ọwọ́ walẹ̀, ìbọn lásìkò rògbòdìyàn. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Jos ti tẹ ìwádìí jáde lórí ìpalára ọ̀pá ẹ̀yìn ní ìpínlẹ̀ náà nínú East African Medical Journal lọ́dún 1999, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní JUTH sì tún kọ̀wé lórí bí wọ́n ṣe tọ́jú èrò tó ya wọlé lásìkò rògbòdìyàn oṣù kẹsàn-án ọdún 2001. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ṣe. Síbẹ̀, ẹ ro ti ọkùnrin kan tí wọ́n dá sílé láti wọ́ọ̀dù, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò gbé nǹkan mọ́, tí wọ́n fún ní kẹ̀kẹ́ arọ. Kẹ̀kẹ́ kò lè gun òkúta Jenta Adamu. Ṣáláńgá wà níta, ó sì ga ju ilẹ̀ lọ. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde lọ tajà kí ilé tó jẹun. Ta ni yóò yí i padà lórí ibùsùn? Ta ni yóò pààrọ̀ rọ́bà ìtọ̀? Nínú ìwé ìwádìí, ọkùnrin yìí wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn yọrí sí rere, nítorí ó kúrò ní wọ́ọ̀dù láàyè.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì wà nínú bí ara ṣe rí. Mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn kì í hù padà bí awọ tàbí egungun ṣe ń hù. Bí ó bá já, abẹ kò lè so ó. Ohun tí abẹ ń ṣe ni pé kó mú ohun tó ń fún un kúrò, kó sì de egungun kí ó má baà tún ba ohun tó ṣẹ́kù jẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó ń pa ènìyàn kì í sábà jẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn fúnra rẹ̀. Egbò ìdùbúlẹ̀ ni, tó ń jẹ ẹran ìdí dé egungun, àti kòkòrò tó ń gba ojú ìtọ̀ wọ kíndìnrín. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ogun tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn ṣẹ́ kò pẹ́ láyé rárá. Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà kò ti inú yàrá iṣẹ́ abẹ wá. Ludwig Guttmann, dókítà ọmọ Júù tó sá kúrò ní Jámánì, gba àkóso ẹ̀ka tuntun kan ní ilé ìwòsàn Stoke Mandeville ní Ìlú Ọba ní oṣù kejì ọdún 1944, ó sì fi dandan lé e pé kí wọ́n máa yí aláìsàn padà ní wákàtí méjì-méjì, tọ̀sán-tòru, kí wọ́n máa tọ́jú àpò ìtọ̀ pẹ̀lú ìmọ́tótó, kí wọ́n sì fún ènìyàn ní iṣẹ́ àti eré ìdárayá. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1948, ọjọ́ tí eré Òlímpíìkì bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, 16 nínú àwọn tó wà lórí kẹ̀kẹ́ díje ta ọfà ní ọgbà ilé ìwòsàn náà. Ibẹ̀ ni eré Paralympic ti ṣẹ̀ wá. Guttmann kò wo egungun tí a so nìkan. Ẹni tó ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù ló ń kà.

Ìròyìn tuntun pọ̀ lónìí nípa iná mànàmáná tí wọ́n ń fi ta ọ̀pá ẹ̀yìn jí. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2024, ènìyàn 60 tí ọrùn wọn ti fara pa ló parí ìtọ́jú irú èyí láìsí abẹ rárá, 72 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló sì ní agbára àti ìlò ọwọ́ tó dára sí i. Inú mi dùn sí i gidigidi. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú ẹni tí wọ́n gbà sínú ìwádìí náà: ẹni tí ìpalára rẹ̀ ti lé ní ọdún kan ni. Ẹni tí egbò ti pa ní oṣù kẹrin kò lè dé ẹnu ọ̀nà irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, bó ti wù kó rọ̀ lówó tó. Iye ẹni tó ń pé ọdún kan láàyè lẹ́yìn tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́ ni nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí Plateau nílò, kí a tó sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ èyíkéyìí.

Ti ẹṣẹ́ pítúítárì tilẹ̀ fara sin ju ti ọ̀pá ẹ̀yìn lọ. Ẹṣẹ́ kékeré bí hóró ẹ̀wà ni, ó wà lábẹ́ ọpọlọ, lẹ́yìn imú lọ́hùn-ún, òun ló sì ń pàṣẹ fún ọ̀pọ̀ ẹṣẹ́ mìíràn nínú ara. Iṣan ojú méjèèjì gba orí rẹ̀ kọjá. Kókó tó ń hù níbẹ̀ kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n àyè kò sí fún un láti gbòòrò. Ó ń ti iṣan ojú, ènìyàn a bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù ohun tó wà lápá ọ̀tún àti òsì, a máa forí gbá ilẹ̀kùn, a máa rò pé ọ̀rọ̀ awò ni. Irú kan wà tó ń dá nǹkan oṣù obìnrin dúró tó sì ń mú omi ọmú jáde láìbímọ. Ọ̀pọ̀ irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ń kiri lórí àìrọ́mọbí fún ọdún pípẹ́, nígbà tó jẹ́ pé oògùn oníhóró bíi bromocriptine tàbí cabergoline lè mú kókó náà sún kì láìlo abẹ. Irú mìíràn ń mú ọwọ́, ẹsẹ̀ àti àgbọ̀n tóbi sí i. Nínú àwọn àkójọ tó ti jáde láti Nàìjíríà, ojú tó ń fọ́ ló sábà ń gbé aláìsàn wá, kókó a sì ti tóbi kí ó tó dé. Ọ̀nà imú ni wọ́n ń gbà yọ ọ́ níbi tí ohun èlò bá wà; Hermann Schloffer ló kọ́kọ́ ṣe é bẹ́ẹ̀ lára alààyè ní Innsbruck lọ́dún 1907.

Jẹ́ ká gbà pé iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, ojú sì là. Ẹṣẹ́ tí a ti fọwọ́ kàn lè má lè pàṣẹ mọ́ fún ẹṣẹ́ tó wà lórí kíndìnrín, èyí tó ń pèsè họ́mọ́ònù tí ara fi ń dúró nígbà ìnira. Aláìsàn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lo oògùn sítẹ́rọ́ọ̀dù lójoojúmọ́, bóyá títí ayé, kó sì fi kún un bí ibà tàbí èébì bá dé. Bí owó oògùn bá tán, tí ibà sì mú un ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó lè dákú kó sì kú láàárín ọjọ́ kan. Kí ni ẹbí yóò sọ? Wọ́n á ní ibà ló pa á. Kò sí ẹni tí yóò padà wá sọ fún oníṣẹ́ abẹ pé ẹni tó wà lára àwọn àṣeyọrí rẹ̀ ti lọ. Ẹlòmíràn ń mu omi bí ẹni pé kò lópin, ó ń tọ̀ tọ̀sán-tòru. Kókó ẹlòmíràn tún hù padà lẹ́yìn ọdún mẹ́fà. Gbogbo èyí wà nínú ìwé ẹ̀kọ́, gbogbo dókítà ló mọ̀ ọ́n. Ohun tí a kò mọ̀ ni bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ tó láàárín àwọn ènìyàn wa, àti bóyá owó oògùn ló ń fà á tàbí àìtó àlàyé lọ́jọ́ tí wọ́n ń dá aláìsàn sílé. Àwọn ìdí méjì yìí kò ní ìwòsàn kan náà.

Ẹni tó bá rò pé títẹ̀lé aláìsàn délé jẹ́ iṣẹ́ kékeré tí kò yẹ oníṣẹ́ abẹ, kó wo Harvey Cushing, ẹni tí iṣẹ́ abẹ ọpọlọ òde òní ṣẹ̀ wá láti ọwọ́ rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọkùnrin yìí ní kí àwọn tó ṣiṣẹ́ abẹ fún máa kọ lẹ́tà sí òun lọ́dọọdún, ní àyájọ́ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ wọn, kí wọ́n sọ bí ara ṣe rí. Louise Eisenhardt, dókítà obìnrin tó bá a ṣiṣẹ́, ló ń ṣe àkọsílẹ̀ kókó kọ̀ọ̀kan àti ohun tó gbẹ̀yìn ẹni tó ni ín, ó sì ń bá a lọ lẹ́yìn tí Cushing kú. Láti inú àkọsílẹ̀ yẹn ni ìwé Cushing ti ọdún 1932 lórí 2,000 kókó inú agbárí ti jáde, pẹ̀lú iye àwọn tó kú lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ láìfi bò. Kò sí kọ̀ǹpútà, kò sí fóònù alágbèéká. Lẹ́tà àti ìwé àkọsílẹ̀ ni.

Ẹni tó mú iṣẹ́ náà wá sílé fún wa náà jẹ́ òǹkọ̀wé. Látúndé Odeku, ọmọ Àwẹ́ tí wọ́n bí lọ́dún 1927, kàwé ìṣègùn ní Howard, ó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Michigan lábẹ́ Edgar Kahn, ó sì padà sí UCH Ìbàdàn lọ́dún 1962 nígbà tí ààyè wà fún un láti jókòó sí Amẹ́ríkà. Ní ọdún méjìlá tó lò kí ikú tó mú un lọ́dún 1974, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Adélọlá Adéloyè, pẹ̀lú Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun tó jẹ́ onímọ̀ àìsàn iṣan àti ọpọlọ, kọ ohun tí wọ́n ń rí sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìwé ìṣègùn ń sọ tẹ́lẹ̀ ni pé kókó ọpọlọ ṣọ̀wọ́n lára ọmọ Áfíríkà. Àkọsílẹ̀ Ìbàdàn fi hàn pé kò ṣọ̀wọ́n. Àwọn tó lè dá a mọ̀ ló ṣọ̀wọ́n. Àpò olómi kan tó máa ń wà lórí àwọ́jẹ̀ ọmọdé ṣì ń jẹ́ orúkọ Adéloyè àti Odeku títí di òní. Jos náà ní ìpín nínú ogún yìí, nítorí ọ̀kan lára ẹ̀ka Yunifásítì Ìbàdàn ni Yunifásítì Jos jẹ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1971. Ìran Odeku fi hàn pé àìsàn náà wà lára wa. Ìbéèrè tó kàn ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí a bá tọ́jú, ó sì yà mí lẹ́nu pé ó ti pẹ́ tó báyìí kí ó tó di ohun tí a ń bi ara wa.

Àwọn kan yóò sọ pé ìwádìí tí wọ́n ti ṣe lókè òkun tó wa, pé ká kàn máa lo èsì rẹ̀. Nígbà mìíràn òótọ́ ni. Ìwádìí CRASH tó jáde lọ́dún 2004 kó ènìyàn 10,008 tó fi orí pa jọ láti orílẹ̀-èdè 49, ó sì fi hàn pé oògùn sítẹ́rọ́ọ̀dù tí àwọn dókítà ti ń fún irú wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún ń pa wọ́n ni: nínú ọgọ́rùn-ún tó gbà á, bíi 21 kú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà tó jẹ́ bíi 18 nínú ọgọ́rùn-ún tí kò gbà á. Èyí kan gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ẹ mú STASCIS ti ọdún 2012, ìwádìí Àríwá Amẹ́ríkà tó ní kí wọ́n tètè ṣiṣẹ́ abẹ fún ẹni tí ọrùn rẹ̀ ṣẹ́, kí wákàtí 24 tó pé. Èsì rẹ̀ dára: nínú àwọn tí wọ́n tètè ṣe fún, bíi 20 nínú ọgọ́rùn-ún ló sún síwájú ní ìpele méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí òṣùwọ̀n ìpalára ọ̀pá ẹ̀yìn lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nígbà tó jẹ́ bíi 9 nínú àwọn tí wọ́n pẹ́ ṣe fún. Kí ni ẹni tó fi ọjọ́ mẹ́ta wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń to egungun, tàbí tí ẹbí rẹ̀ ń wá owó ohun èlò kiri, fẹ́ fi wákàtí 24 ṣe? Ìwádìí wọn kò dáhùn ìbéèrè rẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn tó máa dáhùn rẹ̀ fún wa.

Àtakò tó tẹ̀lé e le ju èyí lọ: wọ́n á ní a kò lè rí aláìsàn mọ́ lẹ́yìn tó bá lọ. JUTH ń gba ènìyàn láti Bauchi, Nasarawa, Benue àti Taraba. Ojú ọ̀nà kò dára, àlàáfíà kò sí níbi gbogbo, ènìyàn ń pààrọ̀ ilé àti nọ́ńbà fóònù. Mo gbà. Ṣùgbọ́n STASCIS tí mo mẹ́nu bà, pẹ̀lú gbogbo ọrọ̀ Kánádà àti Amẹ́ríkà, 222 péré nínú 313 ló rí ní oṣù kẹfà. CRASH, tó lo ìwé ìbéèrè kékeré tó rọrùn nínú ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, títí kan àwọn tí kò lówó lọ́wọ́, mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bíi 97 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ kì í ṣe owó. Àwọn tó ṣe CRASH pinnu láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìbéèrè náà kò ní pọ̀, pé wọn yóò sì béèrè rẹ̀ lọ́nà èyíkéyìí tó bá ṣeé ṣe. Bí ènìyàn bá sì sọnù sí wa lọ́wọ́, iye àwọn tó sọnù àti àdúgbò tí wọ́n ti wá jẹ́ èsì fúnra rẹ̀, tí a bá kọ ọ́ sílẹ̀ láìtijú.

Ní ti àwọn tó ń sọ pé ohun èlò àti oníṣẹ́ abẹ ló yẹ kó ṣáájú, ẹ̀bẹ̀ wọn ní ìwúwo. Ìṣirò kan tó jáde lọ́dún 2018 sọ pé ènìyàn mílíọ̀nù 13.8 ló ń nílò iṣẹ́ abẹ ọpọlọ tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn lágbàáyé lọ́dọọdún, pé bíi mílíọ̀nù márùn-ún ní àwọn orílẹ̀-èdè tálákà àti alábọ́dé ni kì í rí i gbà, pé a sì nílò oníṣẹ́ abẹ bíi 23,300 sí i. Ní Nàìjíríà, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ kò tó ẹyọ kan fún mílíọ̀nù ènìyàn. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni dẹ́kun ríra ẹ̀rọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí kò mọ ohun tó ń gbẹ̀yìn iṣẹ́ rẹ̀ kò lè mọ ẹ̀rọ tó yẹ kó rà. Ní Mbale ní Uganda, Benjamin Warf rí i pé rọ́bà tí wọ́n ń fi sínú orí ọmọ tí omi kún agbárí rẹ̀ ń dí nígbà tí ọmọ bá ti padà sí abúlé, níbi tí oníṣẹ́ abẹ kò sí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé ló darí ọwọ́ rẹ̀ sí ọ̀nà mìíràn tí kò nílò rọ́bà, tó ń fi ẹ̀rọ kékeré la ojú ọ̀nà fún omi náà nínú ọpọlọ. Nígbà tí wọ́n fi ọmọ 100 dán ọ̀nà méjèèjì wò ní Uganda, tí èsì sì jáde lọ́dún 2017, òye àwọn ọmọ náà kò yàtọ̀ síra lẹ́yìn oṣù méjìlá. Àwọn dókítà Amẹ́ríkà ń kọ́ ọ̀nà yìí lónìí.

Ohun kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í fẹ́ sọ jáde: ẹ̀rù ìtìjú. Bí ẹ̀ka kan bá tẹ̀lé àwọn aláìsàn rẹ̀ délé, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde pé ọ̀pọ̀ wọn kú kí ọdún tó yí, àwọn ènìyàn lè sá fún un lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò ka iye rárá, ìjọba sì lè fi í ṣe àwíjàre láti gé owó rẹ̀. Ewu yìí kì í ṣe àlá. Ìdáhùn tí mo rí sí i ni pé kí ó má ṣe jẹ́ ẹ̀ka kan ṣoṣo. Kí Ìbàdàn, Enugu, Sókótó, Jos àti àwọn yòókù fi ìbéèrè kan náà sílẹ̀, kí wọ́n sì tẹ èsì jáde pọ̀ láìdárúkọ ilé ìwòsàn, ó kéré tán fún ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́. Cushing ní orúkọ ńlá tó lè gbé ìròyìn búburú. Dókítà kan tó ń dá ṣiṣẹ́ ní ìlú ńlá wa kò ní i, kò sì yẹ ká bi í léèrè bí ẹni pé ó ní i.

Níbi ìkọ́ṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti lè di iṣẹ́ láìpẹ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Nàìjíríà tó ń dán àwọn dókítà àkànṣe wò ń béèrè àpilẹ̀kọ ìwádìí lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó gba oyè ìkẹyìn. Agbára àti ọ̀pọ̀ oṣù ń lọ sí i lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ń parí sórí pẹpẹ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan bá jogún orúkọ àwọn tí ẹni tó ṣáájú rẹ̀ tọ́jú, tó bi wọ́n léèrè lọ́dún kan, tó sì fi orúkọ àwọn tí òun náà tọ́jú lé ẹni tó ń bọ̀ lọ́wọ́, àkọsílẹ̀ yóò gùn ju ìgbà tí ẹnì kan lò lọ. Wọ́n á ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí ń jápa, pé dókítà tó kàwé ní Nàìjíríà tó wà nínú ìwé orúkọ àwọn dókítà ní Ìlú Ọba ti ju 10,000 lọ. Òótọ́ ni, ìyẹn gan-an ló sì fi yẹ kí àkọsílẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀ka, kó má ṣe bá ẹnì kan wọ ọkọ̀ òfúrufú. Kò sì dandan kó jẹ́ dókítà ni yóò gun òkè Jenta Adamu. Òṣìṣẹ́ ìlera tó wà ní ilé ìwòsàn alábọ́dé àdúgbò mọ ilé yẹn, ó gbọ́ Hausa, ó sì lè béèrè ohun márùn-ún: ǹjẹ́ ó wà láàyè, ǹjẹ́ egbò wà, báwo ni ìtọ̀, ǹjẹ́ oògùn ṣì wà nílẹ̀, ta ló ń tọ́jú rẹ̀.

Ibi tó ṣòro jù nìyí. Ẹni tó bá wọlé tó bá egbò tó ti jẹ dé egungun, tàbí aláìsàn pítúítárì tí oògùn rẹ̀ tán lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò lè kọ ọ́ sílẹ̀ kó sì máa lọ. Ìwádìí di ìtọ́jú lójú ẹsẹ̀, owó sì wọ̀ ọ́. Àwọn kan ń pe èyí ní ìdíwọ́, pé yóò da èsì rú nítorí ẹni tí a bẹ̀ wò yóò sàn ju ẹni tí a kò bẹ̀ wò lọ. Kó dà á rú. Òfin ìlera adójútòfò ọdún 2022 ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà láti wọ inú ètò náà, ibẹ̀ ló sì yẹ kí owó oògùn àti ìbẹ̀wò ti máa wá. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí wò ní ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí àbá kankan lórí ọ̀pá ẹ̀yìn tàbí pítúítárì tí kò bá ní owó báńdéèjì, owó oògùn oṣù kan àti owó ọkọ̀ padà sí wọ́ọ̀dù nínú.